Ìwé Orúkọ Oníbàárà: Ìtàn Àwọn Aṣojú Ìnṣọ́ránsì Nílẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn baba wa tí wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé, tí tọmọdé tàgbà sì ń pa á mọ́: pé ẹni tó bá tọrọ ilẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́ tí yóò hú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ó sì lè máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun báláú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá gbin obì tàbí kòkó sí ilẹ̀ náà láìgbàṣẹ, ọjọ́ náà ni ìjà dé, nítorí igi tó bá pẹ́ nílẹ̀ a máa di ẹlẹ́rìí fún ẹni tó gbìn ín, bó pẹ́ bó yá ọmọ rẹ̀ yóò na ọwọ́ sí i, yóò ní baba òun ló ni ibẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ìtàn tí mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ló ti ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀, ìjà lórí igi tí a gbìn sílẹ̀ onílẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Igi ọ̀hún kì í ṣe obì, kì í ṣe kòkó. Ìwé ni: ìwé tí aṣojú ìnṣọ́ránsì ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sí, pẹ̀lú ohun tí olúkúlùkù fi sábẹ́ ààbò, iye tó ń san, àti ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí.

Ẹni tí kò bá sún mọ́ iṣẹ́ yìí lè béèrè pé kí ló wà nínú ọjọ́ lásán tí àgbà méjì yóò fi máa wọ́ ara wọn lọ sílé ẹjọ́. Àdéhùn ìnṣọ́ránsì ilé tàbí ti ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan títí ayé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí lẹ́yìn ọdún kan ó ti pé, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun, ìgbà ìsọdọ̀tun yìí gan-an ni ọkàn oníbàárà sì máa ń ṣí sílẹ̀ tó fi lè kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn. Nítorí náà, ẹni tó mọ ọjọ́ náà, tó mọ ojúlé oníbàárà, tó mọ irú òrùlé tó wà lórí ilé rẹ̀ àti irú ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Kọmíṣọ̀n ọdún yìí, ti ọdún tó ń bọ̀, àti ti ọdún tí aṣojú náà yóò ti máa fi ọ̀pá rìn, inú ìwé yẹn ni gbogbo wọn sùn sí.

Irú aṣojú méjì ló wà. Èkíní ni aṣojú ilé kan, tó jẹ́ pé ọjà ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan ṣoṣo ló lè tà, tí orúkọ ilé náà wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó sì jẹ́ pé bó bá kúrò, ilé náà ló ni àwọn oníbàárà. Èkejì ni aṣojú adádúró, tó ń ta ọjà ilé mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìwé orúkọ sì jẹ́ tirẹ̀, tó lè tà á, tó lè fi í ṣe ogún fún ọmọ. Ẹ má ṣe fi èkejì yìí pe búrókà, nítorí pé oníbàárà ni búrókà ń ṣojú fún, nígbà tí aṣojú adádúró ṣì jẹ́ ìránṣẹ́ àwọn ilé tó yàn án, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ọgbọ́n iṣẹ́ aṣojú ló wà nínú òwe yìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa tún sọ pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù, inú òwe kejì yìí gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Iná ló bí òwò náà, iná tí í jẹ ilé ọlọ́rọ̀ tí í jẹ ilé tálákà, tí kì í béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ní 1752, Benjamin Franklin àti àwọn ará ìlú Philadelphia kan kó ara wọn jọ, wọ́n dá owó sójú kan kí ẹni tí ilé rẹ̀ bá jóná lè rí ohun tí yóò fi kọ́ òmíràn. Àwa tí a mọ èésú àti àjọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò lè pe ìrònú bẹ́ẹ̀ ní àjèjì. Ní 1792 ni a dá Insurance Company of North America sílẹ̀ ní ìlú kan náà, tó kọ́kọ́ dúró ti àwọn ọkọ̀ ojú omi kó tó kan ilé. Ní ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ààbò ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì. Àfi ìgbà tó di 1807 tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí yan àwọn ènìyàn sí àwọn ìlú tó jìnnà, títí dé Kentucky lẹ́yìn òkè, kí wọ́n máa ṣojú fún un. Àwọn oníṣòwò àti àwọn amòfin tí ìlú mọ̀ tí ìlú sì gbà gbọ́ ni wọ́n ń yàn, iṣẹ́ náà sì dà bí iṣẹ́ ọwọ́ òsì fún wọn.

Iná méjì ló sọ iṣẹ́ ọwọ́ òsì yìí di iṣẹ́ gidi. Ní oṣù Kejìlá 1835, iná sọ ní New York lóru ọjọ́ kan tí òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi dì gbagidi nínú odò àti nínú ọ̀pá àwọn panápaná. Ilé tó lé ní 600 ló jó, èyí tó sì pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìnṣọ́ránsì ìlú náà ló wó lulẹ̀ pẹ̀lú wọn, nítorí pé àárín ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n ti kó gbogbo ẹyin wọn pa mọ́. Ní oṣù Kẹwàá 1871, ó kan Chicago: nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ló kú, nǹkan bí 100,000 ni kò rílé sùn, àwọn tó sì ní ìwé ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ rí i pé ìwé kì í sanwó nígbà tí ilé tó kọ ọ́ bá ti kú. Ẹ̀kọ́ tí àwọn onílé ìnṣọ́ránsì kọ́ ni pé kí wọ́n tan òwò wọn ká, kí wọ́n mú díẹ̀ níhìn-ín, kí wọ́n mú díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìlú kan lé orí nìkan. Bí ilé kan kò bá sì fẹ́ ju ogún ilé lọ ní àdúgbò kan, aṣojú tó wà ní àdúgbò náà ní láti wá ilé ìnṣọ́ránsì kejì àti ẹ̀kẹta tí yóò gba ìyókù. Báyìí ni aṣojú abúlé ṣe di ẹni tó ń ṣojú fún ọ̀pọ̀ ilé lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó gbìmọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí àwọn ilé ńlá ti ń lágbára sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fo aṣojú dá. Bí ilé-iṣẹ́ ọlọ́rọ̀ kan bá ń bẹ ní ìlú aṣojú, tí owó rẹ̀ sì tó ohun tí à ń wò, ilé ìnṣọ́ránsì yóò bá onílé náà sọ̀rọ̀ láti New York tàbí láti Hartford, yóò kọ ìwé fún un lẹ́yìn aṣojú, aṣojú tó sì ti lo ọdún mẹ́wàá láti fi mú orúkọ ilé ìnṣọ́ránsì náà wọ ìlú kò ní rí kọ́bọ̀. Ìyà yìí ló kó àwọn aṣojú jọ sí Chicago ní 1896, tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ àwọn aṣojú ìnṣọ́ránsì iná sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ẹgbẹ́ tó ṣì wà títí di òní bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1904, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní ìpínlẹ̀ New York dá ẹjọ́ tí àwọn aṣojú ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń ki baba wọn: pé ìwé ọjọ́ ìparí àdéhùn, tí aṣojú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ti aṣojú ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó rán an. Kòkó ti hù lórí ilẹ̀ onílẹ̀, adájọ́ sì ti ní ẹni tó gbìn ín ló ni ín.

Ó yẹ kí n yà díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ní àkókò kan náà ni irú aṣojú mìíràn ń rìn ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́, tí adájọ́ kankan kò bá dá ẹjọ́ rere. Ní 1875 ni John Dryden dá ilé-iṣẹ́ tó padà di Prudential sílẹ̀ ní ìlú Newark, tó ń ta ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún àwọn tálákà ní sẹ́ǹtì mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n má baà kú kí a má rí owó pósí. Aṣojú ní láti kan ilẹ̀kùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gba sẹ́ǹtì mẹ́ta náà. Ẹni tó bá mọ alájọ tí ń kiri ọjà Dùgbẹ̀ tàbí Oyíngbò, tó ń fi àmì sí káàdì ìyá aláta kó tó kọjá sí ìsọ̀ ìyá alẹ́pa, yóò mọ ọkùnrin yìí bí ẹni mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà náà kò gbẹ́yìn. Ní 1898 ni wọ́n dá North Carolina Mutual sílẹ̀ ní Durham, àwọn aṣojú rẹ̀ sì ń rìn láti ilé dé ilé lọ́nà kan náà láàárín àwọn tí ẹlòmíràn kò kà sí, tàbí tí wọ́n ń gba owó tó ju ti aláwọ̀ funfun lọ lọ́wọ́ wọn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Alájọ tiwa ló ni káàdì rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń tọ̀. Ìwé ìgbowó tí aṣojú yìí gbé sábẹ́ apá, ilé-iṣẹ́ ló ni ín, ọjọ́ tó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni yóò gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àti gbogbo ilẹ̀kùn tó ti kàn.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló wá yí ìtàn padà. Nígbà tí ẹni gbogbo ra ọkọ̀, tí ọkọ̀ sì ń forí gbárí, ìnṣọ́ránsì kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé ọlọ́rọ̀ nìkan, ó di ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ní 1922, George Mecherle, àgbẹ̀ kan tó ti fi oko sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois, rí i pé àwọn àgbẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wakọ̀ ń san iye kan náà pẹ̀lú àwọn ará ìlú ńlá tó ń forí gbá ara wọn lójoojúmọ́. Ó dá State Farm sílẹ̀ ní Bloomington láti tà á fún wọn ní ẹ̀dínwó. Ní 1926 ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ohio ṣe tiwọn, èyí tó gba orúkọ Nationwide ní 1955. Ní 1928, Farmers bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles. Ní 1931 ni Sears, ilé-ìtajà ńlá tí ìwé àkójọ ọjà rẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, dá Allstate sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní orúkọ táyà kan tó ń tà, ó sì gbé àwọn aṣojú rẹ̀ jókòó sínú ìsọ̀ níbi tí ènìyàn ti ń ra bàtà àti ìkòkò.

Àwọn ilé wọ̀nyí kò fẹ́ aṣojú tó ń gbé ọjà ilé mẹ́fà. Tiwọn nìkan ni wọ́n fẹ́ kó tà, wọ́n sì gba ìṣirò, ìwé gbígbà, àti fífi ìwé owó ránṣẹ́ sí oníbàárà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣe é ní olú ilé-iṣẹ́, kọmíṣọ̀n ìsọdọ̀tun tí wọ́n ń san sì kéré sí ti aṣojú adádúró. Owó tí wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ dá sí ni wọ́n fi bu iye ọjà wọn wálẹ̀. Kò pẹ́ tí ayé fi rí èrè rẹ̀: nígbà tó di 1942, State Farm ti di ilé tó tóbi jùlọ nínú ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Èmi kò ní sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára. Àgbẹ̀ tó rí ààbò rà ní iye tí apá rẹ̀ ká jàǹfààní, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní owó ìdókòwò náà sì jàǹfààní, nítorí pé ilé náà kọ́ ọ níṣẹ́, ó yá a lówó, ó fi orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sára pátákó rẹ̀, ó sì ń polówó lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dípò rẹ̀. Àgbàtán ni wọ́n gbà á. Ìwé orúkọ oníbàárà nìkan ni wọn kò fún un.

Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà, ẹni tó sì fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí nígbà tí a kò bá pa ààlà náà dáadáa, kí ó gbọ́ ìtàn Robert Darden ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Láti 1962 ni ọkùnrin yìí ti ń ta ọjà Nationwide. Ó fọwọ́ sí i pé òun kò ní ta ti ilé mìíràn. Ilé-iṣẹ́ náà sì fọwọ́ sí i pé àwọn yóò máa san kọmíṣọ̀n fún un, àwọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ètò owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe fún àwọn aṣojú, tó jẹ́ pé lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi iye kan sí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti tó, tó sì tún jẹ́ pé bó bá kúrò, wọn yóò san iye tó bá kọmíṣọ̀n ìsọdọ̀tun oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn mu fún un. Owó ńlá ni, owó arúgbó ni. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé bí aṣojú bá kúrò, tí ó sì ta ìnṣọ́ránsì fún ilé tó ń bá àwọn díje láàárín ọdún kan, níbi tí kò jìnnà ju máìlì 25 lọ sí ibi tó ti ń ṣòwò tẹ́lẹ̀, gbogbo owó náà ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá tan oníbàárà àwọn kan láti fa ìwé ya, nígbàkigbà tó wù kó jẹ́.

Ní oṣù Kọkànlá 1980, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún, Nationwide lo ẹ̀tọ́ tí àdéhùn fún un, ó fòpin sí i. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Darden di aṣojú adádúró. Kò kó lọ sí ìlú mìíràn. Inú ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́ gan-an ló jókòó sí, lórí àga rẹ̀ àtijọ́ bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ó ń ta ọjà ọ̀pọ̀ ilé tó ń bá Nationwide díje. Ilé-iṣẹ́ náà sì dá a lóhùn pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti ṣègbé.

Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Òfin kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1974, tó ní owó ìfẹ̀yìntì tó bá ti tó òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á padà. Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé òṣìṣẹ́ ni Darden, àbí agbaṣẹ́ṣe? Ẹ ronú sí i. Ọkùnrin tí wọ́n dè mọ́ ilé kan fún ọdún méjìdínlógún, tí kò lè ta tẹlòmíràn. Síbẹ̀ òun ló ń san owó ilé ọ́fíìsì rẹ̀, òun ló ń gba akọ̀wé rẹ̀ síṣẹ́, òun ló ń pinnu ìgbà tí yóò jí àti ìgbà tí yóò ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí à ń de àdéhùn, olómìnira ni wọ́n pè é. Nígbà tí à ń tú u, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe bí olómìnira. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ sọ pé ó jọ agbaṣẹ́ṣe. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 1986 wò ó lójú àánú: ó ní bó bá ti fi ọkàn sí owó náà, tó gbára lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò sì ní agbára láti bá ilé-iṣẹ́ náà dúnàádúrà lórí gbólóhùn tó lè mú kó pàdánù rẹ̀, kí á kà á sí òṣìṣẹ́. Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́ta yìí ni àgbà Yorùbá kan yóò bi bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà wá sí ìta rẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1992, Adájọ́ Souter ka ìdájọ́ tí gbogbo àwọn adájọ́ yòókù fọwọ́ sí: pé níbi tí òfin kò bá ti ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́, òfin ìbílẹ̀ àtayébáyé tí wọ́n fi ń ya ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ sọ́tọ̀ ni kí á lò. Ta ló ń darí bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ? Ta ló ni irinṣẹ́, ibo ni wọ́n sì ti ń ṣe é? Báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó? Ta ló ń gba ọmọ iṣẹ́, ta ló ń sanwó fún wọn? Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sísàlẹ̀ kí wọ́n fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n. Orúkọ Darden wá di òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀: títí di òní, bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí bóyá ènìyàn jẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí agbaṣẹ́ṣe, àwọn amòfin a máa pe orúkọ aṣojú ìnṣọ́ránsì yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìrántí pé ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà ni pé ọkùnrin kan fẹ́ máa ta ọjà tó wù ú nínú ọ́fíìsì tirẹ̀.

Ìjáde kúrò lọ́dọ̀ ilé kan bọ́ sí ipò adádúró kò rọrùn nígbà náà, kò sì tíì rọrùn títí di ìsinsìnyí. Àdéhùn ọ̀pọ̀ ilé ṣì ní gbólóhùn tó dí aṣojú lọ́wọ́ fún ọdún kan kó má lè bá oníbàárà àtijọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì mú àkọsílẹ̀ orúkọ jáde, ilé-ẹjọ́ lè pè é ní olè àṣírí òwò. Ṣùgbọ́n ohun tó le jù wà níwájú, kò sí lẹ́yìn. Ilé ìnṣọ́ránsì kì í yan aṣojú tuntun tí kò ní oníbàárà, kò sì sí bí aṣojú ṣe lè ní oníbàárà bí ilé kankan kò bá tíì yàn án. Bí a bá tilẹ̀ yàn án, ilé náà yóò sọ pé ó gbọ́dọ̀ mú iye báyìí wá lọ́dún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò gba ìyànsípò náà padà. Ẹni tó sì ní ilé mẹ́rin ní láti pín oníbàárà díẹ̀ tó ní sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìnṣọ́ránsì tó ń dáàbò bò ó bó bá ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, kọ̀ǹpútà, akọ̀wé, ìpolówó, àpò rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jáde. Ìdí nìyí tí àwọn aṣojú kékeré fi kọ́gbọ́n kíkó ara wọn jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kan, bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe ń ṣe àáró: wọ́n kó owó oníbàárà gbogbo wọn pọ̀ kí àwọn ilé ńlá lè kà wọ́n sí, wọ́n sì ń fi apá kan kọmíṣọ̀n wọn tì í lẹ́yìn. Àwọn kan tún bọ́ sí ìdè mìíràn lọ́nà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àdéhùn ẹgbẹ́ náà ní ẹnu ọ̀nà ìjáde tirẹ̀, kò sì gbòòrò nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ kí ó ka ìwé náà láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Kí ni wọ́n wá ń wá kiri? Ọ̀nà kan kò wọjà. Aṣojú ilé kan tí ilé rẹ̀ bá fi owó kún iye tí oníbàárà ń san, tàbí tó bá pinnu pé òun kò fẹ́ dúró ti ilé tó wà létí òkun mọ́ nítorí ìjì, kò ní ohun tí yóò fi ọwọ́ bà. Yóò jókòó máa wo àwọn tó ti fi ogún ọdún mọ̀ bí wọ́n ti ń jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣojú adádúró lè gbé ìwé oníbàárà náà láti ilé kan sí òmíràn, kó sì dúró lórí ìjókòó rẹ̀. Àwọn tó fi àyà rán ìṣòro ọdún méjì àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá ènìyàn ṣe má ṣe parí nítorí ìpinnu tí a ṣe ní ìlú tó jìnnà.

Ọ̀rọ̀ tó dàrú jù nínú ìtàn yìí ni ti Allstate. Sears yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá ní 1995. Ní oṣù Kọkànlá 1999, ilé náà kéde pé àwọn aṣojú tó lé ní 6,000, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera, kò ní jẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́ láti àárín ọdún 2000. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ yóò di agbaṣẹ́ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni yóò fọwọ́ sí ìwé pé òun yọwọ́ nínú gbogbo ẹ̀sùn tí òun lè fi kan ilé-iṣẹ́ náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn aṣojú náà gbé ilé-iṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́ ní 2001 ní Philadelphia, ìlú tí Franklin ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ náà pe tirẹ̀, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá àjọ náà lẹ́bi ní 2015. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú dání ni pé agbaṣẹ́ṣe kì í ṣe adádúró. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà ń san owó ilé ara wọn, wọ́n ń ru ewu ara wọn, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ láti ta èrè tó wà nínú ìwé oníbàárà wọn fún ẹni tí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọjà ilé kan náà ni wọ́n ń tà.

Láàárín gbogbo èyí, àwọn ilé tí kò lo aṣojú rárá ti ń dìde. Láti 1936 ni GEICO ti ń ta ìnṣọ́ránsì fún oníbàárà láìsí ẹni kẹta. Lẹ́yìn náà tẹlifóònù gbòòrò, íntánẹ́ẹ̀tì sì dé. Ẹni tó lè fi ìka kan wo iye ilé mẹ́wàá lórí fóònù rẹ̀ lálẹ́ kò rí ìdí tí yóò fi wọ ọ́fíìsì aṣojú tó ní iye kan ṣoṣo láti sọ fún un. Nationwide ti ra ilé kan tó ń lo àwọn aṣojú adádúró, Allied, ní 1998, ó sì ń gbé irú àwọn aṣojú méjèèjì pa pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2018, ó kéde pé òun yóò dá àwọn aṣojú òun gbogbo sílẹ̀ láti di adádúró, ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2020 ló sì dá fún un.

Ọjọ́ náà pé nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ti ti ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì pa, tí ọ̀pọ̀ aṣojú ń ti inú yàrá ìdáná wọn bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Láti oṣù Kọkànlá 1980 tí ilé yìí ti fòpin sí àdéhùn Darden dé ọjọ́ náà, ogójì ọdún ó dín oṣù mẹ́rin ni. Aṣojú tó ti ta ọjà ilé yìí nìkan láti ìgbà èwe rẹ̀ lè padà sínú ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́, kó ṣí ìwé ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú àwọn tó mọ̀ lórúkọ, kó sì tà wọ́n, láìsí ẹni tí yóò wọn máìlì 25 yí i ká.